Iná Abẹ́ Àlùbọ́sà

Huguette ò kan ilẹ̀kùn. Láti ìgbà tí Régis ọkọ Odile ti kó jáde nílé ni obìnrin aládùúgbò yìí ti gbàgbé pé èèyàn máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọ ilé onílé. Ó wọ inú ilé ìdáná Odile tòun ti bàtà ọgbà tí ẹrẹ̀ bò, ó sì wo orí tábìlì yí ká. Ó rí òkìtì àlùbọ́sà tí Odile ń bó, ó rí búrẹ́dì àná tí ó ti gé kalẹ̀ kó lè gbẹ, ó rí ìkòkò irin dúdú ńlá tí kì í sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ bí kò bá sí ìdí pàtàkì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Odile, má sọ fún mi pé nǹkan tí mò ń rò yìí lo fẹ́ ṣe."

"Oúnjẹ ọ̀sán ni mo fẹ́ sè."

"Irọ́! Ìwọ nìkan lo wà nínú ilé, àlùbọ́sà tó wà níbí á bọ́ ilé ìwé. Òní ni ọkùnrin yẹn ń bọ̀ wá kó ẹrù ẹ̀ tó kù, àbí? Ọbẹ̀ àlùbọ́sà lo fẹ́ fi dè é mọ́lẹ̀."

Odile ń bó àlùbọ́sà lọ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Omi ń dà lójú rẹ̀, àmọ́ àlùbọ́sà ló fà á. Ẹkún tòótọ́ ti gbẹ lójú rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kan.

"Jẹ́ n bi ọ́ o," ni Huguette wí. Ó fa àga kan, kò sì jókòó sí i. "Corinne yẹn, èyí tó ń ta awò ojú ní Dijon, ṣé ó mọ ọbẹ̀ sè?"

"Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀?"

"Inú ike ló ti ń dà á. Mo lè búra. Á ra ọbẹ̀ inú ike, á gbé e kaná, á wá gbé e fún un pé kó máa jẹun, ọkọ mi. Ike!" Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ tutọ́ sílẹ̀. "Ó dáa. Tí ò bá wá jókòó ńkọ́?"

"Á jókòó."

"Kí ló mú un dá ọ lójú?"

"Ṣé o ti rí i rí kí ọkùnrin yẹn gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò àlùbọ́sà kọjá láìyọjú wò ó?"

Huguette ronú díẹ̀. "Ìyẹn náà tún jẹ́ òótọ́. Ọjọ́ ìsìnkú màmá mi, àlùfáà ń gbàdúrà lọ́wọ́ ní pálọ̀, ilé ìdáná ni mo ti bá a. Ó ní àlùbọ́sà wa fẹ́ jóná." Ó mi orí. "Mò ń lọ. N ó máa wò yín láti ojú fèrèsé mi."

"Huguette, jọ̀ọ́, má wo nǹkan kan."

"Mo ti ní n ó wò."

Ohun tí Odile ń fẹ́ kò pọ̀. Ó ń fẹ́ kí Régis jókòó. Láti ìgbà ìkórè tí ó ti kó lọ sọ́dọ̀ obìnrin Dijon yẹn, ìgbàkígbà tó bá wá sílé, orí ìdúró ló máa ń wà. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá já ẹrù sílẹ̀ fún oníbàárà, á sì lọ. Odile ti wá gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé bí ọkùnrin náà bá lè jókòó sórí àga rẹ̀ tó wà lẹ́bàá fèrèsé, kó jókòó títí oúnjẹ fi jinná, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní lè gbé e dìde mọ́. Ẹ lè fi í rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́. Nǹkan mìíràn ò kù sí i lọ́wọ́.

Ìdí tó fi jẹ́ ọbẹ̀ yìí ló mú ni pé ọbẹ̀ náà ò ṣe é kánjú sè. Ó ti gbèrò rẹ̀ dáadáa: òun ò ní gbé àlùbọ́sà kaná àfi bí òun bá gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí iná bá wà nílẹ̀ bó ṣe yẹ, àlùbọ́sà á pẹ́ kó tó rọ̀, á tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó pọ́n. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wáìnì, ẹ̀yìn wáìnì ni omi egungun màlúù, ẹ̀yìn omi egungun ni búrẹ́dì àti wàràkàṣì, kí gbogbo rẹ̀ tó wá wọ inú ààrò. Ọ̀sán á ti lọ jìnnà kí ẹnikẹ́ni tó mú ṣíbí.

Régis fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ. Gbogbo àwa tá a wà létí odò Saône níbí la mọ ìdílé Régis mọ́ àlùbọ́sà. Bàbá rẹ̀ gbìn ín, bàbá bàbá rẹ̀ gbìn ín, àbúrò rẹ̀ ṣì ń gbìn ín di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Régis kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ bó bá ti dé ìdí ìkòkò àlùbọ́sà, bíṣọ́ọ̀bù ni. Odile, ọmọ ìgboro Dole, kò mọ nǹkan kan nínú èyí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó wọn. Nígbà òtútù àkọ́kọ́ tó lò nílé ọkọ, ó gbé àlùbọ́sà ka iná ńlá, ó da ṣúgà lé e kó lè tètè pọ́n, ó sì gbé e síwájú ìyá ọkọ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ìyá náà, Léontine, tọ́ ọ wò. Wọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ta ló ń lé ọ?"

Odile sá jáde, ó lọ ń sunkún láàárín àwọn àpò àlùbọ́sà nínú abà. Ibẹ̀ ni Régis ti wá fà á lọ́wọ́ wọlé. Ó mú un dúró níwájú sítóòfù, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lórí ṣíbí onígi, wọ́n sì jọ ń rò ó, wọ́n ń rò ó, títí àlùbọ́sà funfun fi di pupa rẹ́súrẹ́sú bí awọ bàtà àtijọ́.

"Bó o bá ń kánjú, ẹyin ni kó o lọ sè," ó wí sí i létí. "Àlùbọ́sà ò fẹ́ràn ẹni tó níbi tó ń lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Àlejò ì báà máa dúró, ebi ì báà máa pa ọmọ, kò ní fi kún iná. Lọ́dún tí odò kún wọlé, tí àwọn panápaná ń fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn èèyàn kiri àdúgbò, ìdí sítóòfù ni wọ́n ti bá Régis. Omi ti dé kókósẹ̀ rẹ̀ nínú bàtà òjò, ó ń ro ìkòkò. Ọ̀gá wọn bú ramúramù lójú fèrèsé pé kó jáde. Régis ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kó àwọn ará ilé kejì, òun ò ní pẹ́ dé. Bastien ọmọ wọn, tó ti dàgbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà báyìí, ò jẹ́ kí ìtàn náà sinmi. Ó ní omi ń gòkè, iná ò gòkè.

Kùrukùru bo odò lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí. Odile ti gé àlùbọ́sà tán, bọ́tà ti wà nínú ìkòkò, ó jókòó ó ń tẹ́tí. Bó ṣe gbọ́ ìró ọkọ̀ ló dìde fùú. Ó tan iná. Bọ́tà yọ́, ó ń hó, ó da àlùbọ́sà sí i. Ó fi ọwọ́ tó ń rùn fún àlùbọ́sà tún irun rẹ̀ ṣe.

Régis kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn lọ́dà, ló wá ń fi ìka kàn bí akọ̀wé tó ń pín ìwé owó iná. Ìyẹn dun Odile, àmọ́ ó gbé e mì.

"Wọlé. Òtútù ń wọlé."

"Káàárọ̀, Odile. Mi ò ní pẹ́. Àwọn ọ̀pá ìpẹja yẹn ni, ayùn bàbá mi, àti ẹ̀wù òtútù ńlá yẹn."

"Wọ́n wà lókè. Mo ti kó wọn jọ fún ọ."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń yí lórí ìka rẹ̀. Imú rẹ̀ ló tú u fó. Odile rí i bó ṣe gbé orí sókè díẹ̀.

"Àlùbọ́sà?"

"Oúnjẹ ọ̀sán mi ni. Ó tó èèyàn méjì bí ebi bá ń pa ọ́."

"Rárá, mo ti..." Kò parí rẹ̀. Ó gòkè lọ.

Odile ń ro ìkòkò, etí rẹ̀ wà lókè. Ó gbọ́ bí pákó àjà ṣe ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mọ ibi tó dúró sí: ẹnu ọ̀nà yàrá wọn ni. Régis sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀pá ìpẹja, ó kó wọn sọ́kọ̀. Ó padà wá gbé ayùn. Ó tún padà wá mú ẹ̀wù, ó sì gbé e wọ̀ kó má baà máa gbé e dání. Ìgbàkígbà tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹsẹ̀ rẹ̀ á falẹ̀ díẹ̀ sí i. Níkẹyìn, ó wọlé, ó yọjú sínú ìkòkò.

"Iná ẹ pọ̀."

"Kò pọ̀ o."

"Ó pọ̀. Wò ó, etí ẹ̀ ti ń gbẹ."

Ká má purọ́, Odile ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í sókè díẹ̀. Régis bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì yí iná sílẹ̀ títí ó fi kéré bí ìlẹ̀kẹ̀. Odile yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí i. Ohun tó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ ni pé ẹni tó ń kánjú àtilọ ò ní rẹ iná sílẹ̀. Régis bọ́ ẹ̀wù náà, ó fi í kọ́ ẹ̀yìn àga, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Ó sì jókòó.

Ó jókòó! Ní òdìkejì ojú pópó, aṣọ fèrèsé Huguette mì.

Odile ní Bastien pè lọ́jọ́ Àìkú. Régis ní òun náà ti bá a sọ̀rọ̀. Àlùbọ́sà ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ nínú ìkòkò, wúyẹ́wúyẹ́, bó ṣe máa ń ṣe bí iná rẹ̀ bá dára. Lẹ́yìn náà ni Régis gbójú sókè wo orí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ṣé póò yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

"Ibo ló fẹ́ lọ?"

"Gbé e wá ká wò ó."

Odile gun àga, ó gbé póò tánganran funfun náà sọ̀ kalẹ̀, ó nu eruku rẹ̀ mọ́ ara aṣọ ìdáná rẹ̀, ó gbé e sáàárín tábìlì. Wọ́n jọ yọjú sínú rẹ̀. Ojú tí wọ́n yà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì là sílẹ̀ kedere, ó ń wò wọ́n.

"Kò tíì sùn," ni Régis wí.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Odile. Nígbà ìgbéyàwó wọn, bí ilẹ̀ ṣe fẹ́ mọ́, àwọn ọ̀dọ́ abúlé ti wá wọn kiri gbogbo ilé kí wọ́n tó rí ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí, torí pé ọkọ àti ìyàwó tuntun gbọ́dọ̀ sá pamọ́, àwọn èèyàn gbọ́dọ̀ rí wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ ọbẹ̀ àlùbọ́sà lórí bẹ́ẹ̀dì lójú gbogbo ayé. Inú póò ìtọ̀ tuntun ni wọ́n máa ń bu ọbẹ̀ náà sí. Bí ẹ bá rò pé ìwà ọ̀bùn ni, ẹ kò rí bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rọ́ wọlé pẹ̀lú ariwo ìdérí ìkòkò, Odile bo aṣọ mọ́ orí, Régis gba ṣíbí, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó sì wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló se èyí?" Odile fi ohùn ọjọ́ yẹn sín in jẹ nídìí tábìlì. "Ẹni náà ti kánjú jù!"

"Ó kánjú lóòótọ́!"

"Huguette ló sè é, Régis. Ó dúró síwájú ẹ gan-an, ó wọ aṣọ elésè àlùkò."

"Ṣé ó ti dárí jì mí?"

"Kò ní dárí jì ọ́ láéláé."

Régis rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ó na ọwọ́ sí ìkòkò láìronú. "Adìẹ mi, rò ó, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti fẹ́ máa lẹ̀."

Adìẹ mi. Orúkọ tó fi ń pè é láti ìgbà èwe wọn nìyẹn, kò sì tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà ìkórè. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Régis wo tábìlì. Odile dìde, ó ro àlùbọ́sà, ó ń rò ó lọ rọra bí ẹni tí ń wẹ ọmọ tuntun, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ẹ̀rù bà á.

Fóònù kan gbọ̀n nínú àpò ẹ̀wù òtútù náà. Régis yọ ọ́, ó wò ó, ó dá a padà.

"Ṣé o fẹ́ dá a lóhùn ni?"

"Rárá. Kò sí nǹkan."

Ó tún gbọ̀n. Lọ́tẹ̀ yìí kò yọ ọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ tábìlì, gìgìgì. Odile rí ẹsẹ̀ náà. Ó ṣe bí ẹni tí ò rí i.

"Mo fẹ́ lọ mú wáìnì àti wàràkàṣì wá nísàlẹ̀," ó wí. "Bá mi wo àlùbọ́sà."

Àìmọye ìgbà ló ti sọ gbólóhùn yẹn fún un nínú ilé yẹn, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, pẹ̀lú ibà lára, lẹ́yìn ìjà. Ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, kò sì kánjú. Ó mú ìgò wáìnì funfun kan, ó ka ìwé ara rẹ̀, ó dá a padà, ó mú òmíràn. Ó gé wàràkàṣì tó pọ̀ ju ohun tí àwọn méjì lè jẹ. Ó ń ro bí nǹkan ṣe máa lọ. Bí wọ́n bá fi máa jẹun tán, kùrukùru á ti ki sí i, òun á ní ojú ọ̀nà ò dára, Régis á ní òótọ́ ni. Á sùn sí yàrá Bastien. Kì í ṣe yàrá àwọn méjèèjì o, Odile ò ṣojúkòkòrò. Yàrá Bastien ti tó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kọfí á wà.

Ibẹ̀ ni ìró kan ti bá a. Àlùbọ́sà tí iná rẹ̀ wà nílẹ̀ kì í pariwo. Èyí tó ń gbọ́ láti òkè ń han. Ó rò pé bóyá ó ti ń lẹ̀, pé bóyá Régis ti bọ́ síta láti lọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì sáré gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìgò lábẹ́ abíyá. Ilẹ̀kùn ò tì tán. Ó wo inú ilé ìdáná.

Régis ò bọ́ síta. Ó wà nídìí sítóòfù, ó kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn. Ó ti gbé ẹ̀wù òtútù wọ̀ padà, ó ti di bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń ro àlùbọ́sà kíákíá, kíákíá. Iná ti yọ jáde lábẹ́ ìkòkò, ó ń lá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Régis wo aago ara ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì tún fi kún iná náà.

Bí ọkùnrin náà bá ti jáde tó gbá ilẹ̀kùn, Odile ì bá pè é padà. Bó bá ti bú u, ì bá bú u padà. Ó ti gbọ́ pé ó fẹ́ràn obìnrin mìíràn, ó ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ nínú ilé ìdáná yìí kan náà, kò sì gbà á gbọ́ títí di ìṣẹ́jú yìí. Régis, tí omi wọlé bá tí kò fi kún iná. Ó ń kánjú. Ó fẹ́ jẹ ọbẹ̀ náà, nítorí àánú Odile ń ṣe é, ó sì fẹ́ kó tètè tán.

Ohun tí Odile wá ṣe, èmi ò rò pé mo lè ṣe é. Ó padà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, láìjẹ́ kí igi ké. Lẹ́yìn náà ló wá ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú ariwo, ó ń húkọ́, ó ń fi ìgò kan ògiri, kí ojú má baà ti ọkùnrin náà. Nígbà tó fi wọlé, iná ti kéré bí ìlẹ̀kẹ̀. Òórùn ohun tó jóná gba inú ilé kan. Nínú ìkòkò, àlùbọ́sà ti pọ́n lóòótọ́, ó sì ti dúdú lójú ibi púpọ̀.

"Ó ti pọ́n," ni Régis wí. Kò wò ó lójú.

"Ó mà yá gan-an."

"Àlùbọ́sà ọdún yìí ni. Omi ò sí nínú ẹ̀. Ó máa ń tètè pọ́n."

Gbogbo wa la mọ irú òjò tó rọ̀ lọ́dún náà. Àlùbọ́sà ń jẹrà nínú abà nítorí omi. Oko àbúrò Régis fúnra rẹ̀ ni èyí tó wà nínú ìkòkò yẹn ti wá, Régis sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wú u nínú ẹrẹ̀. Ó ti parọ́ fún Odile nípa ibi tó ti ń bọ̀, àti nípa ẹni tó bá lọ, odindi ọdún kan. Kò tíì parọ́ mọ́ àlùbọ́sà rí.

Odile gbé ìgò kalẹ̀, ó gbé wàràkàṣì kalẹ̀.

"Régis."

"Hẹn?"

"Ẹyin ló yẹ kí n sè fún ọ."

Ó yé e. Ojú rẹ̀ pọ́n láti ọrùn títí dé iwájú orí.

"Odile, kì í ṣe pé mo... Ó ń dúró dè mí ni, mo ti sọ fún un pé mi ò ní pẹ́, mo sì fẹ́ jẹ ẹ́, mo fẹ́ kó o mọ̀ pé mo fẹ́ jẹ ẹ́..."

"Mo mọ̀. Máa lọ."

"Jẹ́ n jókòó. N ó jókòó. Wò ó, mo tún ti..."

"O ti jókòó," ni Odile wí. "Mo rí i. Ó tó. Máa lọ, ojú ọ̀nà ò dára, rọra wakọ̀."

Régis na ọwọ́ sí èjìká rẹ̀, ọwọ́ náà ò dé ibẹ̀. Ó jáde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé bí ẹni tí ń kúrò lọ́dọ̀ aláìsàn. Ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀, ó yí padà, kùrukùru gbé e mì.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí Odile ò da ìkòkò náà nù. Òun náà ò mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó da wáìnì sí i, ó fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀, ó da omi egungun sí i pẹ̀lú ewé táìmù, ó jẹ́ kó hó. Ó bù ú sínú abọ́ méjì, nítorí méjì ló ti gbé kalẹ̀, ó fi búrẹ́dì lé e, ó fi wàràkàṣì bò ó, ó gbé e sínú ààrò títí orí rẹ̀ fi pọ́n tó sì ń hó. Ó gbé abọ́ méjèèjì sórí tábìlì, ọ̀kan sí apá kan póò, èkejì sí apá kejì. Ó jókòó sídìí tirẹ̀. Ó fi ṣíbí fọ́ orí wàràkàṣì náà, ó tọ́ ọ wò. Ó korò.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọkàn rẹ̀ fò, ọkàn ò gbọ́n. Ilẹ̀kùn ṣí, Huguette ló wọlé. Ó ti bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀ sí ìta.

"Mo rí i tó jókòó!" ó wí. "Mo fojú mi rí i! Kí ló wá lé e dìde?"

"Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ mú wáìnì," ni Odile wí. "Mo ní kó bá mi wo àlùbọ́sà. Kí n tó gòkè dé, ó ti gbé iná sókè."

"Ta ni?"

"Régis."

"Régis gbé iná sókè?"

"Ó tún fi kún un."

Huguette, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ nínú ìsìn, tó ti ń wá ohun tó máa fi san ẹ̀san fún Régis láti òwúrọ̀ ìgbéyàwó yẹn, kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Ó jókòó sórí àga ẹ̀bá fèrèsé. Ó fa abọ́ kejì mọ́ra, ó mú ṣíbí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

"Má jẹ ẹ́," ni Odile wí. "Ó korò."

"Mo ti jẹ èyí tó korò jù báyìí. Èmi ni mo sè é, inú póò ni mo gbé e sí, ọkọ ẹ sì dójú tì mí lórí ẹ̀ lójú gbogbo ìlú."

Ẹ̀rín gbọ̀n Odile. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, kó tó mọ̀, ẹ̀rín náà ti yí padà lẹ́nu rẹ̀. Ẹkún tó rò pé ó ti tán dé, ó dé pẹ̀lú ariwo. Ó fi orí lé tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ó ń sunkún bí ọmọdé. Huguette ò ní kó dákẹ́. Ó fi ọwọ́ kan lé e lẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ kejì jẹ ọbẹ̀ kíkorò náà díẹ̀díẹ̀.

"Máa lọ sílé," ni Odile wí láàárín ẹkún. "O níṣẹ́ tó o fẹ́ ṣe."

"Jẹun ẹ," ni Huguette dá a lóhùn. "Mi ò níbi tí mò ń lọ."